Ẹ́ńjìnnì Yí Padà, Amánà Kò Yí

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí Ó sọ irin di rírọ̀ fún Ànábì Dáúdà, tí Ó sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àǹfààní sínú irin fún ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì létí yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àgbà kan ni, tí a yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí a sì fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, nítorí pé wakfu ni ọkọ̀ náà. Wakfu ni ohun tí ènìyàn yọ kúrò nínú ọrọ̀ rẹ̀, tí ó fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, kí àǹfààní rẹ̀ lè máa jẹ́ ti àwọn tí ó dárúkọ. A kò gbọdọ̀ tà á bí ọjà lásán, a kò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a kò sì gbọdọ̀ pín in bí ogún.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó di ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná, láti ìgbà náà ni ó sì ti gbòde ní ilẹ̀ wa: ó di ọkọ̀ ìjọba, ó di ọkọ̀ ọlọ́lá, ó di ọkọ̀ àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà jíjìn. Tiwa jẹ́ oríṣi tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù onísílíńdà mẹ́rin ni ó gbé wá láti ilé, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1971 cc.

Alhaji kan ní àdúgbò wa nílùú Ìbàdàn, tí ó ń ṣòwò aṣọ, ni ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ilé-kéwú wa ní ọdún 1991, nígbà tí àwa fúnra wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní álífù. Ó pe àwọn àgbà jọ, ó ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ náà di wakfu láti máa gbé àwọn ọmọ kéwú lọ, láti máa gbé wọn bọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ náà wà nínú ìwé ọ̀hún, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá náà jáde láyé ní ọdún 2003. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ilé-kéwú. Ní ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ bí ogójì ni kì bá má lè dé ọ̀dọ̀ wa láìsí i, nítorí títì márosẹ̀ kan dábùú àárín ilé wọn àti ilé-kéwú. Àwọn òbí ń dá owó táṣẹ́rẹ́ fún epo àti àtúnṣe. Lójú tiwa, gbogbo ọmọ tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà tó sì ka áyà kan, Bàbá Alhaji ní ìpín nínú rẹ̀ ní sàréè. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa pé bí ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dópin àfi láti ojú ọ̀nà mẹ́ta, sàárà tí kò tán sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọdún 2014, rẹdiétọ̀ ọkọ̀ náà jò lójú ọ̀nà, omi gbẹ, awakọ̀ kò sì tètè fura. Irin ni ara ẹ́ńjìnnì 504, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Alumíníọ̀mù a máa wú ju irin lọ bí ooru bá mú un. Bí ooru bá wá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, orí náà a tẹ̀, kò ní í jókòó déédéé lórí ara mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn a jó, omi àti ọ́ìlì a sì dàpọ̀. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì jáde, ohun tí ó gbé wá dà bí ẹ̀kọ mímu tí a bu mílíìkì sí. Wọ́n tú u, wọ́n rí i pé irin tó ń yí nísàlẹ̀ ti ha, bẹ́ẹ̀ ni ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì ṣáájú ìgbà náà tí a ti tún ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ṣe látòkèdélẹ̀. Òkú ẹ́ńjìnnì ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-kéwú ní kí a ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin jọ, kí a fi owó rẹ̀ kun owó àjà kíláàsì tí a ń ṣe lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí dáódù Bàbá Alhaji náà dé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ méjì. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Àfáà, ọkọ̀ tí bàbá wa fi tọrẹ ti kú. Ohun tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ gbé òkú rẹ̀." Ọmọlúàbí ni ọ̀gbẹ́ni náà, nǹkan ló le fún wọn nílé lásìkò náà. A ní kí ó fún wa ní ọjọ́ méje.

Ní ìlànà Imam Mālik, èyí tí àwọn ilé-kéwú ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, wakfu kò mọ sórí ilẹ̀ àti ilé. Ènìyàn lè fi ẹṣin, ìwé tàbí ohun ìjà sílẹ̀ ní wakfu. Àwọn onímọ̀ ìlànà náà sì ti ronú dé ibi tí ẹṣin wakfu bá darúgbó: bí kò bá wúlò mọ́ rárá fún ohun tí a fi í sílẹ̀ fún, wọn a tà á, wọn a sì fi owó rẹ̀ ra irú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi í kún owó tí a ó fi ra irú rẹ̀. Owó náà kì í padà sílé ẹni tó fi í sílẹ̀, kì í sì í yà lọ sí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n tún sọ pé bí wakfu bá ń mú nǹkan wọlé, àtúnṣe rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fi owó náà ṣe kí ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú èyí tó kù.

Nígbà tí a gbé èyí kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀nà méjì péré ló kù. Bí a bá lè tún ọkọ̀ náà ṣe, títún un ṣe ni. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, kí a tà á, kí owó rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ mìíràn tí yóò máa gbé àwọn ọmọ. Owó àjà kíláàsì kò sí nínú rẹ̀, ogún kò sì sí nínú rẹ̀. A ránṣẹ́ sí dáódù, a ka ìwé ọdún 1991 sí i létí, ó sì lọ láìfèsì.

Mẹkáníìkì tí a pè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, tí ó parí Kùránì lọ́dọ̀ wa kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́. Ó wo ara ọkọ̀ náà yí ká, ó fi òòlù kan abẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo, ó ní ara rẹ̀ ṣì le. Ó ní òun lè wá ẹ́ńjìnnì 504 mìíràn, ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́jà ti jẹ́ àgbà bíi ti tiwa, kò sì sí ẹni tó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti tú u. Ó dámọ̀ràn ẹ́ńjìnnì Toyota kan tí wọ́n ń pè ní 3Y, tí a mọ̀ mọ́ àwọn bọ́ọ̀sì, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1998 cc, tí a sì ń rí ohun èlò rẹ̀ rà káàkiri.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà sí i, kí ọkọ̀ wakfu lè sáré bí ọkọ̀ gómìnà. Mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá mi, bíréèkì ọkọ̀ yìí mọ agbára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́. Bí a bá gbé èyí tó lágbára jù ú lọ sí i, yóò sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá a dúró? Àwọn ọmọ ló wà nínú ẹ̀." Òmíràn béèrè nípa ẹ́ńjìnnì Camry. Ó ṣàlàyé pé ìbú ni ẹ́ńjìnnì Camry ń dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni ó sì ń fà, nígbà tí 504 ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ara rẹ̀ lọ. Ó fi kún un pé ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé kì í ṣiṣẹ́ láìsí ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti gbogbo wáyà tó bá a wá, ṣùgbọ́n 3Y oníkábúrétọ̀ kò béèrè gbogbo ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tuntun fi 27 cc péré ju ti àtijọ́ lọ. Ohun tí bíréèkì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń rù tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò máa rù.

Ọjà Aráròmí ní Agodi Gate ni a ti ra ẹ́ńjìnnì náà. Kí a tó san kọ́bọ̀, a ní kí ẹni tó tà á kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sínú rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní rìsíìtì lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì olè, a kò sì lè fi ohun olè tún ohun Ọlọ́hun ṣe.

Iṣẹ́ náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá rò pé yíyọ èyí kí a sì gbé ìyẹn sí i ni, kò tíì rí i rí. Ẹ́ńjìnnì 504 fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n dà á ní ìdajì sí apá kan, ìwọ̀n 45 dígírì. Ẹ́ńjìnnì tuntun kò dùbúlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó nílò àyè lókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbọdọ̀ dé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lófìfo, tí wọ́n wọn ọ̀nà rẹ̀ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, sí irin sítíárìn àti sí irin tó dábùú abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì tún gbé e jáde, kí wẹ́dà tó jó irin kan ṣoṣo. Wọ́n gé àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún un jó pọ̀ kí ó má baà kan irin abẹ́.

Ọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì ni ó gba ọgbọ́n jù. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn nínú 504 wà nínú páìpù irin gígùn kan tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí a bá pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì, gbogbo ìyẹn ni yóò yí padà. Mẹkáníìkì wa fi gíábọ́ọ̀sì Peugeot sílẹ̀ ní ipò rẹ̀. Ó lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wọ́n gbẹ́ àwo irin nínípọn kan, tí ihò rẹ̀ lápá kan bá ti Toyota mu, tí ihò rẹ̀ lápá kejì sì bá ti Peugeot mu. Àwo kílọ́ọ̀ṣì pàápàá ní láti mọ àwọn méjèèjì: eyín àárín rẹ̀ gbọdọ̀ wọ ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì Peugeot, fífẹ̀ rẹ̀ sì gbọdọ̀ tó ti ẹ́ńjìnnì Toyota. Bí àárín àwọn méjèèjì bá fi bíńtín yẹ̀ kúrò lójú kan náà, bíárìn yóò máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ariwo yóò sì sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ohun kan wà tí a kò lè gbàgbé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń ṣe kábárà, géèjì tó ń sọ bí ooru ti pọ̀ tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwa rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. Mẹkáníìkì náà fọwọ́ kan rẹdiétọ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Àfáà, géèjì yìí ń purọ́." Géèjì Peugeot ni, irin tó ń ránṣẹ́ sí i nínú ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ ti Toyota. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, nítorí náà ohun tí géèjì ń sọ kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó yọ irin Peugeot lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó gbẹ́ ojú ihò fún un nínú èyí tuntun, ó sì fi omi gbígbóná dán an wò kí ó tó gbà pé ó tọ́. Ooru ló pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, bí a bá sì ti fi géèjì onírọ́ sílẹ̀, yóò pa èkejì náà.

Kí ọmọ kankan tó wọ ọkọ̀ náà, a kó àpò yanrìn sínú rẹ̀ títí tí ìwúwo rẹ̀ fi tó ti àwọn ọmọ, wọ́n sì fi wà á gun òkè, wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́, fún odidi ọjọ́ méjì.

Ó ku òkú ẹ́ńjìnnì. Àṣà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni pé kí mẹkáníìkì gba èyí tó yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó kọ́kọ́ sọ pé òun kò lè fọwọ́ kàn án, nítorí pé ara wakfu ni. Awakọ̀ 504 elẹ́yìn gbọọrọ kan fẹ́ rà á láti máa yọ ohun èlò lára rẹ̀. A fi orí tó tẹ̀ hàn án, a fi irin tó ha hàn án, ó sì já owó náà sí ìlàjì. Ẹnìkan nínú wa ráhùn pé ẹnu wa ti pọ̀ jù. A rán an létí pé Ànábì wa kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó bá ọ̀rinrin nínú rẹ̀, ó sì bi olúwa rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi èyí tó rin náà sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Owó tí awakọ̀ náà san wọ inú owó ẹ́ńjìnnì tuntun, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò.

Lẹ́yìn èyí a mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Nọ́ńbà méjì ni ìwé ọkọ̀ ń gbé: ti ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò sì pààrọ̀ nọ́ńbà inú ìwé, ó ti gbé ẹjọ́ pamọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ nọ́ńbà tuntun. Ní ọdún 2016, àwọn ọlọ́pàá dá awakọ̀ wa dúró, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí Toyota nínú Peugeot, ojú wọn ti ń yí padà. Ó na ìwé sí wọn, nọ́ńbà bá nọ́ńbà mu, wọ́n sì ní kí ó máa lọ.

Nígbà tí dáódù gbọ́ pé ọkọ̀ ti ń rìn, ó padà wá, ó ní ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun lọ́kàn. "Ẹ́ńjìnnì Toyota ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí. Ṣé ọkọ̀ bàbá mi ṣì ni? Bí kì í bá ṣe òun mọ́, ṣé sàárà bàbá mi kò tíì parí?" Ìbéèrè gidi ni, a kò fi rẹ́rìn-ín. A gbé ìwé ọdún 1991 àti ìwé tuntun síwájú rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, nọ́ńbà ṣáásì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì a máa yí, kí ọkọ̀ sì máa jẹ́ ara rẹ̀. A wá ṣí ìwé ìṣirò, a fi hàn án pé owó ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ ti wọ inú èyí tó rọ́pò rẹ̀, pé àwọn òbí ọmọ kéwú ló sì dá èyí tó kù nítorí Ọlọ́hun. Sàárà bàbá rẹ̀ kò parí, àwọn mìíràn ni wọ́n bá a dá sí i. Ó ka ìwé ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo tí ó béèrè ni pé kí a tún orúkọ bàbá òun kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀dà ti ṣá. A tún un kọ.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ náà ń lọ láàárọ̀ dípò ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìpata sì ti ń jẹ abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ara rẹ̀ kò ní í ṣeé jó pọ̀ mọ́. Nígbà náà, a ó tà á, owó rẹ̀ yóò wọ inú ọkọ̀ mìíràn fún àwọn ọmọ kéwú, a ó sì kọ orúkọ Bàbá Alhaji síbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé tí yóò darí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ máa wọn nǹkan kí ẹ tó gé e, kí ẹ má sì gbé agbára tí ẹ kò lè dá dúró sínú ohun tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí a fi ohun ìjọ sí níkàáwọ́, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: áyà tó gùn jù nínú Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin olówó wa, ẹ má fojú kéré ohun tó lè gbó. Irin yóò gbó, ẹ̀san rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kì í gbó.

Kí Ọlọ́hun gba sàárà àwọn tó ti lọ, kí Ó sì jẹ́ kí àwa tó kù lè jíhìn amánà tó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.